Rírí Yàtọ̀ sí Mímọ̀: Ìtàn Awò Òru àti Bí A Ṣe Lè Yẹ Olówó Pọ́ọ́kú Wò

(Akọ̀wé wa ló kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú voice note márùn-ún tí Admin fi sórí group lálẹ́ Sunday. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn tí fóònù wọn kì í gbé voice note.)

Voice note kìíní

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kano, Kaduna, Gombe, Maiduguri, àti ẹ̀yin tá a jọ wà ní Jos níbí, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn, ẹ forí jì mí, tòní á gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó wa ni, ó sì tún ju owó lọ.

Ẹ rántí pé lọ́jọ́ Wednesday, bọ̀dá wa tó wà ní Gombe fi fọ́tò kan sórí group. Awò ìbọn ni, èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí ìbọn kí ọdẹ lè fi ríran lóru. Wọ́n kọ "night vision" sára páálí ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń rí nǹkan dé 400 mítà nínú òkùnkùn biribiri. Bọ̀dá wa ní ọ̀rọ̀ méjì ló wà ńlẹ̀. Èkíní, àbúrò òun tó wà ní Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ra ọ̀kan, kó lè máa fi pa ehoro lóko àgbẹ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí kò wọ́n yìí dáa. Èkejì, ẹni tó ń tà á ní bí èèyàn bá ra 20 lẹ́ẹ̀kan, òun á já owó ẹ̀ wálẹ̀. Ni bọ̀dá wa bá ní kí ẹgbẹ́ mú nínú owó àjọ, ká kó o wá síbí, ká tà á.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èèyàn 11 ti kọ ọ́ pé àwọn wà níbẹ̀. Àwọn kan sì dárúkọ mi, wọ́n ní, "Admin, ẹ̀yin lẹ ń ta iná, ẹ sọ nǹkan kan." Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà torí pé mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ láìwádìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta àtùpà, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì nílùú yìí. Ohun tí mo mọ̀ nípa iná, ọjà ló kọ́ mi, ó sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó kọ́ mi. Lọ́dún kan, mo ra páálí iná orí, àwọn tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú orí. Wọ́n kọ 1000 mítà sára ẹ̀. Inú mi dùn, mo san owó. Ìgbà tí mo tan ọ̀kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí ògiri tó wà lódìkejì títì dáadáa. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní iná náà dé 1000 mítà lóòótọ́, pé bí èèyàn bá dúró lọ́hùn-ún á rí i pé iná ń tàn níbí. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ náà! Kò sì parọ́ o. Èmi ni mi ò bi í pé ta ló ń rí ta.

Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. Òun la máa gbé dání títí ọ̀rọ̀ yìí á fi tán: nígbà tí páálí bá ní "ó ń rí," kí ló ń rí, báwo ló sì ṣe rí i tó?

Voice note kejì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọdẹ, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbọn ṣakabùlà ló ní, iná kábáàdì ló sì máa ń dè mọ́ iwájú orí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní 40 ọdún á rántí iná yẹn àti òórùn ẹ̀ tó dà bí òórùn áyù.

Àwọn aládùúgbò wa kan rò pé àwọn baba wa ló ṣe iná yẹn. Rárá o. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Willson, ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, ló rí ọ̀nà àtiṣe kábáàdì lọ́pọ̀ ní 1892, nígbà tó ń wá bó ṣe máa rí irin alumíníọ̀mù. Ohun tó ń wá kọ́ ló rí. Bí èèyàn bá da omi sí kábáàdì, ó máa ń tú gáàsì kan jáde tó ń jó mọ́lẹ̀ gan-an; gáàsì yẹn náà làwọn wẹ́dà wa fi ń jó irin. Ní 1900, Frederick Baldwin gba ìwé àṣẹ lórí àtùpà kékeré kan ní New York: omi wà lókè, kábáàdì wà nísàlẹ̀, omi ń kán sí i díẹ̀díẹ̀, iná sì ń jó níwájú àwo dídán. Àwọn awakùsà máa ń lò ó. Nígbà tó dé ọwọ́ àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa, ó bá iṣẹ́ wọn mu, torí pé ọwọ́ méjèèjì á wà lára ìbọn, iná á sì wà lórí.

Báwo ni iná yẹn ṣe ń fi ẹran han ọdẹ? Ojú ẹran ló ń fi hàn án. Lẹ́yìn ẹyinjú ẹtu, ajá, ewúrẹ́ àti ológbò, ohun kan wà níbẹ̀ tó dà bí dígí, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí iná bá bá a, ojú á máa kọ mànà. Èèyàn ò ní in. Ehoro náà ò ní in. Tiẹ̀ kàn máa ń pọ́n ráńpẹ́ ni. Torí náà, ohun tí ọdẹ ń rí lóru kì í ṣe ẹran. Iná kékeré méjì ló ń rí nínú igbó.

Mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12 nígbà tí mo bá bàbá náà lọ sóko lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní kí n jókòó sídìí igi kan, kí n di ajá mú, kí n má kúrò níbẹ̀. Òun lọ yí ká. Ó pẹ́. Ẹ̀fọn ń jẹ mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ni mo bá dìde, mo fa ajá, mo gba ibi tí mo rò pé ó gbà. Mo ṣìnà. Mo lọ lóṣòó sẹ́yìn igbó ṣúúrú kan, mo gbé ajá sáyà. Nígbà tó ṣe, mo rí iná bàbá lókèèrè. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò lè pariwo, torí wọ́n ti sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kì í pariwo nínú oko ọdẹ. Iná náà yí sí ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Ajá gbójú sókè, ó ń wò ó. Mo gbọ́ nígbà tó fa òòlù ìbọn sẹ́yìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn yẹn ṣì wà létí mi títí dòní.

Kò yìnbọn. Ó dúró pẹ́, ó wá rìn bọ̀, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, títí iná fi tàn sí ṣòkòtò mi. Kò lù mí. Ó jókòó sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Lójú ọ̀nà ilé ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ojú ni mo rí. Mi ò rí ara. Bí mi ò bá rí ara, mi ò ní yìn ín."

Òfin ọdẹ àtijọ́ nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n wà láàyè lónìí láti máa ṣe admin fún yín.

Voice note kẹta

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sókè òkun, torí ibẹ̀ ni awò inú fọ́tò yẹn ti ṣẹ̀ wá.

Ní 1800, ọkùnrin kan wà ní Slough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Herschel lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Jámánì ni, olórin ni tẹ́lẹ̀, kó tó di ẹni tó ń wo ìràwọ̀. Ó jẹ́ kí oòrùn gba inú dígí onígun mẹ́ta kọjá, kí àwọ̀ ẹ̀ lè pín bíi ti òṣùmàrè, ó wá ń fi tẹmómítà wọn ooru àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé tẹmómítà sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ pupa, níbi tí ojú ò ti rí nǹkan kan mọ́, ooru tún gasókè sí i. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú èèyàn kì í rí. Òun là ń pè ní infrared.

Ẹ lè rí i nílé yín lálẹ́ yìí. Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ dojú ẹ̀ kọ kámẹ́rà iwájú fóònù, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ máa rí iná tó ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú yín lásán ò rí nǹkan kan. Kámẹ́rà ń rí díẹ̀ lára ohun tí ojú wa ò rí. Gbogbo àṣírí awò òru olówó pọ́ọ́kú wà nínú rìmóòtù àti fóònù yẹn. Ẹ dì í mú, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ó ju 100 ọdún lọ lẹ́yìn Herschel kí wọ́n tó rí ọ̀nà àtifi ìmọ́lẹ̀ yẹn ríran. Ní 1934, ní iléeṣẹ́ Philips ní Netherlands, Gilles Holst àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe gílóòbù kan tó ń sọ àwòrán infrared di àwòrán tí ojú lè rí. Ogun ló sì gbé e dé orí ìbọn. Ní 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì lo ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Vampir. Awò náà nìkan lé ní kílò méjì, bátìrì ẹ̀ sì lé ní kílò 10, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà lo tiwọn ní Okinawa. Kò ríran dé 100 mítà.

Àwọn awò yẹn, iná ló wà lórí wọn, àmọ́ iná tí ojú kì í rí. Ẹni tó ń lò ó rò pé òun wà nínú òkùnkùn. Àmọ́ bí ọ̀tá bá ní irú awò kan náà, iná yẹn á máa tàn lójú ẹ̀ bíi gáàsì alẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ṣe èyí tí kò nílò iná, tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ àti òṣùpá ga. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò ó ní Vietnam láàárín 1960 sí 1970, wọ́n ń pè é ní Starlight. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó wọ́n bí ojú, ìmọ́lẹ̀ tó lágbára sì lè bà á jẹ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe ẹni tó ṣe awò kankan. John Johnson lorúkọ ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Fort Belvoir, ní Virginia. Ní 1958, ó gbé èsì ìwádìí kan jáde. Ó ní kí àwọn èèyàn máa wo nǹkan gba inú awò òru, ó wá ń kà á pé ìlà mélòó, dúdú àti funfun, ni awò gbọ́dọ̀ lè yà sọ́tọ̀ lára nǹkan náà kí èèyàn tó lè sọ ohun tó jẹ́. Ó pín in sí ọ̀nà. Kí èèyàn tó lè sọ pé "nǹkan kan wà níbẹ̀," ìlà méjì tó, dúdú kan, funfun kan. Kó tó lè sọ irú nǹkan tó jẹ́, bóyá ọkọ̀ ni àbí èèyàn, ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Kó tó lè sọ ọ́ ní pàtó, ó lé ní ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ sì tún gbọ́ o: iye yẹn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì ni èèyàn á gbà á. Ẹni tó fẹ́ kó dá òun lójú gbọ́dọ̀ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí mo kà á, mo rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni. Ojú ajá tó ń kọ mànà, "nǹkan kan wà níbẹ̀" ni. Ṣòkòtò mi ni "èèyàn ni."

Voice note kẹrin

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ehoro. Ẹnì kan lè ní, "Kí ló dé tí àwọn òyìnbó ń pa ehoro lóru? Ṣé ẹran wọ́n wọn ni?"

Ehoro kì í ṣe ẹran ìbílẹ̀ erékùṣù yẹn bí ẹ ṣe ń wò ó. Àwọn Norman, tí wọ́n ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ni wọ́n mú un gbilẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ti ń sìn ín fún ẹran àti awọ. Nígbà tó yá, ó bọ́ sínú oko. Ó wá di ọ̀tá àgbẹ̀, torí pé bó bá wọ oko wíìtì, á jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran ọlọ́lá ni. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1828 sọ pé ẹni tó bá ń pa ehoro lóru láìgbàṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tó oṣù mẹ́ta. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n lè fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sílẹ̀ òkèèrè fún ọdún méje. Àgbẹ̀ tó háyà ilẹ̀ náà ń wo ehoro bó ṣe ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó di 1880 ni òfin tó jẹ́ kí àgbẹ̀ lè pa ehoro lórí ilẹ̀ tó ń dá, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ yìnbọn sí i lóru. Ó di 1981 kí wọ́n tó fàyè gba òru, tí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i.

Láàárín ìyẹn, àrùn kan tó ń jẹ́ myxomatosis dé ibẹ̀ ní 1953, ó pa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ehoro ilẹ̀ náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tó bá ń lo ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rí sí i pé ehoro ò pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù bímọ, wọ́n tún pọ̀. Torí náà, àbúrò bọ̀dá wa, iṣẹ́ oko ló ń ṣe, kì í ṣe eré.

Iná ńlá ni wọ́n fi ń pa á lóru tẹ́lẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ehoro gbọ́n. Èyí tí iná bá ti tàn sí lẹ́ẹ̀kan tí kò kú, bó bá tún rí iná, ihò ló máa wọ̀. Ìdí nìyẹn tí iná tí ojú kì í rí fi wù wọ́n. Awò Starlight sì rèé, owó ẹ̀ ju ti ehoro lọ.

Kí ló wá sọ ọ́ di olówó pọ́ọ́kú? Fóònù yín ni. Ní 1969, Willard Boyle àti George Smith ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe ègé sílíkọ́nì tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ẹ̀ ní 2009. Ní nǹkan bí 1993, Eric Fossum àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní NASA ṣe irú mìíràn tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀, nítorí ọkọ̀ òfuurufú. Irú yẹn ló wà nínú fóònù gbogbo ayé báyìí. Torí pé wọ́n ń ṣe é lọ́pọ̀, owó ẹ̀ já wálẹ̀. Sílíkọ́nì náà sì ń rí infrared fúnra ẹ̀. Àwọn oní-fóònù ló ń fi dígí kan bò ó kó má baà ba àwọ̀ fọ́tò jẹ́. Bí wọ́n bá yọ dígí yẹn, tí wọ́n fi iná infrared sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí wọ́n fi ojú gíláàsì kékeré sẹ́yìn, awò òru dé nìyẹn. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tiẹ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn so kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé mọ́ ẹ̀yìn awò ìbọn, kí ti iléeṣẹ́ tó kún ọjà.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Iná tí ojú kì í rí ti 1945 la padà sí, bátìrì ẹ̀ ló kàn kéré. Kì í ṣe iṣẹ́ òògùn. Rìmóòtù àti fóònù ni.

Voice note karùn-ún

Ó wá kan ìdájọ́. Àbúrò wa ní Lincolnshire, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bọ̀dá ẹ á fi ránṣẹ́ sí ẹ.

Àkọ́kọ́, ká ṣe ìṣirò 400 mítà yẹn. Àwòrán inú awò náà, tóótòtó ló kóra jọ, wọ́n ń pè é ní pixel. Olówó pọ́ọ́kú míì ní 640 láti ọ̀tún dé òsì. Ká ní bó ṣe ń wo iwájú, ìbú 14 mítà ló ń bọ́ sínú ẹ̀ ní 100 mítà. Bẹ́ ẹ bá pín 14 mítà sí 640, pixel kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì lé díẹ̀. Ehoro tó lóṣòó ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Ní 50 mítà, á gba pixel 18. Ní 100 mítà, 9. Ní 200 mítà, 4 tàbí 5. Ní 400 mítà, 2. Ẹ rántí Johnson: pixel méjì ni "nǹkan kan wà níbẹ̀." Páálí ò parọ́! Ó rí nǹkan ní 400 mítà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ehoro ni àbí ológbò aládùúgbò, àbí orí ọmọ tó lóṣòó sínú koríko, kò lè sọ. Kí èèyàn tó lè sọ ọ́ ní pàtó, ó yẹ kó tó nǹkan bí pixel 13, ìyẹn náà ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì ni. Nítorí náà, iṣẹ́ awò yẹn kò kọjá nǹkan bí 50 mítà. Èyí tó bá ní pixel 1920 tó ń wo ìbú kan náà á fi ìlọ́po mẹ́ta dáa jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè pé ṣé sensor ló ní 1920 àbí fídíò tó ń ká sílẹ̀, torí wọ́n lè fẹ àwòrán kékeré sí ńlá. Sísún un mọ́ iwájú pẹ̀lú bọ́tìnnì náà ò fi pixel kankan kún un.

Èkejì, irú ìbọn wo lo ní? Bó bá jẹ́ ìbọn afẹ́fẹ́ tí òfin Gẹ̀ẹ́sì gbà fún àgbà láìgba láísẹ́ǹsì, èyí tí agbára ẹ̀ kò ju 12 foot-pounds lọ, kò yẹ kó o yìn ín sí ehoro kọjá nǹkan bí 35 mítà, kó má baà lọ jìyà sínú ihò. Kí lo fẹ́ fi 400 mítà ṣe? Awò tó mọ́ ketekete ní 40 mítà lo nílò, olówó pọ́ọ́kú sì lè ṣe ìyẹn. Bó bá jẹ́ .22 oníná, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí awò náà sì mọ́ dé nǹkan bí 80 mítà. Bó o bá kọjá sí Scotland, ìbọn afẹ́fẹ́ náà ti ń gba ìwé láti ìparí 2016.

Ẹ̀kẹta, iná ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 850 sí i, ó máa jìnnà, àmọ́ ẹni tó bá wo ojú iná náà á rí i tó ń pọ́n ráńpẹ́. Bó bá jẹ́ 940, kò pọ́n, ṣùgbọ́n kì í jìnnà tó ìyẹn. Rà á níbi tí wọ́n á ti jẹ́ kó o dán an wò lálẹ́. Má dán an wò nínú ilé, torí ògiri funfun ń dá iná padà, gbogbo awò ló dáa nínú ilé. Gbé e jáde sí koríko, kó o lóṣòó bó o ṣe máa lóṣòó lóko. Bí koríko iwájú bá ń tàn yàà tó ń bo ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kó o mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí lóko. Kùrukùru náà á ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìmìtìtì ìbọn. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì máa ń ta sẹ́yìn, á tún ta síwájú, ó ti ba ọ̀pọ̀ awò jẹ́. Bi wọ́n bóyá gàráǹtì ẹ̀ gba irú ìbọn yẹn. Lẹ́yìn yìnyìn 20, wò ó bóyá ojú ibi tó o fi sí kò yẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bátìrì. Ibi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá nìyí. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo bátìrì tí wọ́n ń pè ní 18650. Bó bá bá a dé, tí wọ́n kọ 9900 sára ẹ̀, irọ́ ni. Kò sí 18650 kankan láyé tó sún mọ́ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ò ju nǹkan bí 3500 lọ. Ẹni tó bá parọ́ lórí bátìrì, má gba ohun tó kọ nípa 400 mítà gbọ́. Òtútù ibẹ̀ á sì tún dín agbára ẹ̀ kù, nítorí náà mú èkejì dání.

Ìparí tìẹ: bí ti 640 yẹn bá mọ́ ketekete ní 40 mítà, tí onílẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé fún ẹ, tó o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ehoro náà kó tó di pé o yìn ín, rà á, owó ẹ ò ṣòfò. Àmọ́ bí o kò bá rí ara, má yìn ín.

Ó kù síbi tiwa. Bọ̀dá wa ní Gombe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ní ká má fi owó àjọ sí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko àgbẹ̀ tó ní ààlà ni wọ́n ń lò ó, wọ́n mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Níbi tá a wà yìí, ta ló máa ra 20? Ìbọn fúnra ẹ̀ gba ìwé àṣẹ lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, tó fẹ́ ohun tó ń fi èèyàn hàn lóru lórí ìbọn, ṣé a lè bi í pé ehoro ni àbí ojú ọ̀nà ló fẹ́ lọ ṣọ́? A jẹ́ àlejò nílùú onílùú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣẹ́ ibi, tí wọ́n bi í pé ọwọ́ ta ló ti rà á, orúkọ gbogbo wa ló máa jẹ́. Kódà ẹni tó bá fẹ́ kó o wá fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù àti àwọn agbófinró, kó gba èsì ní kíkọ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ti lé ajé dànù. Kò burú. Èmi náà ṣe ìṣirò èrè ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó wù mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fa òòlù ìbọn sí rí ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tó yọ mí ni pé ẹni tó di ìbọn mú mọ̀ pé òun ò tíì mọ ohun tí òun ń rí.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká dìbò lórí ẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday, mo ti sọ tèmi. Ọjà á tà, àwòsínúdídùn la ó máa rí. Ó dàárọ̀.